Ẹ̀dọ̀ Mẹ́ta Nínú Gbólóhùn Kan: Ìtumọ̀ Ìṣègùn Ṣáínà àti Ìnira Oògùn HIV ní Èdè Yorùbá

Ohun tí ó mú mi kọ àròkọ yìí kò ju gbólóhùn kan ṣoṣo lọ. Mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń kọ́ ní iṣẹ́ ìtumọ̀ ní àyọkà kúkúrú kan láti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àyọkà náà ń ṣe àlàyé bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà ṣe ń wo ìnira tí oògùn HIV ń kó bá àwọn tí ń lò ó. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, kọ ọ́ báyìí: ‘Ẹ̀dọ̀ aláìsàn náà ti dì, ìdí nìyí tí ẹ̀dọ̀ fi ń rìn ín, oògùn nevirapine sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.’ Kò sí àṣìṣe gírámà kankan nínú gbólóhùn yìí, ó sì dùn ún kà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á sí etí ìyá kan tí ó ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ bi mí ni pé, ‘Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wo ni ó fi hàn pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti dì? Ṣé wọ́n ti dá oògùn náà dúró?’

Mo dá a lóhùn pé kò sí àyẹ̀wò kankan. Ẹ̀dọ̀ tí ó dì kì í ṣe ẹ̀dọ̀ tí oògùn ń bà jẹ́, ẹ̀dọ̀ tí ń rin ènìyàn kì í sì ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ̀dọ̀ mẹ́ta ni ó wà nínú gbólóhùn kan, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń jẹ́. Ìyá náà ní, ‘Nígbà náà, ẹ tètè wá orúkọ fún méjì nínú wọn kí aláìsàn tó kà á.’

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Nígbà tí a bá ń túmọ̀ ìṣègùn ilẹ̀ òkèèrè sí Yorùbá, pàápàá ìṣègùn tí yóò bá oògùn ilé ìwòsàn pàdé nínú ara ẹnì kan náà, a kò gbọdọ̀ fi orúkọ ẹ̀yà ara tí a ti mọ̀ pe ohun tí kì í ṣe ẹ̀yà ara náà. Ẹni tí ohunkóhun kò ṣe ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ da oògùn HIV nù nítorí ọ̀rọ̀ tí ó kà. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì ń bàjẹ́ ní tòótọ́ kò gbọdọ̀ jókòó sílé kí ó máa mu àgbo. Orúkọ kan tí a kò fi ẹ̀sọ̀ yàn lè ti àwọn méjèèjì sí ọ̀nà tí kò yẹ wọ́n.

1. Oògùn àti ohun tí ń tẹ̀lé e

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa, ó yẹ kí a rántí ìtàn díẹ̀. Ní ọdún 1987 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí zidovudine, oògùn àkọ́kọ́ tí a fi ń bá kòkòrò HIV jà. Láti 1996 ni lílo oògùn mẹ́ta pọ̀ ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, tí ikú sì bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù láàrin àwọn tí wọ́n rí oògùn náà gbà. Ṣùgbọ́n àwọn oògùn wọ̀nyí ní ìnira tiwọn. Zidovudine a máa fa ìrìndọ̀ àti orí fífọ́, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má tó lára. Stavudine a máa mú kí ẹsẹ̀ jóni bí iná, tàbí kí ó kú tó bẹ́ẹ̀ tí bàtà fi lè bọ́ kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ má mọ̀. A sì máa mú kí ọ̀rá ojú àti ti apá gbẹ. Ní 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn orílẹ̀-èdè ní ìmọ̀ràn pé kí wọ́n máa yọ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀. Efavirenz a máa fa òòyì àti àlá kíkankíkan. Nevirapine lè mú kí ara sú, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ gidigidi, pàápàá láàrin ọ̀sẹ̀ 18 àkọ́kọ́. Ẹni tí ń lo tenofovir ní láti máa ṣọ́ kídìnrín rẹ̀. Dolutegravir, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe ààyò ní 2019, rọ ara lọ́rùn ju àwọn ti àtijọ́ lọ. Síbẹ̀ àwọn kan tí ń lò ó kì í rí oorun sùn dáadáa, àwọn mìíràn sì ń sanra.

Ilẹ̀ Ṣáínà kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí. Ní agbègbè Henan, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó kó kòkòrò náà ní àwọn ọdún 1990 níbi tí wọ́n ti ń ta omi ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní 2003 ni ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó sọ oògùn HIV di ọ̀fẹ́ fún àwọn ará abúlé àti àwọn tálákà ìlú. Oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ rí lò ni zidovudine tàbí stavudine, pẹ̀lú didanosine àti nevirapine. Ìnira wọn sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi pa wọ́n tì. Ní 2004, ìjọba náà dá ètò mìíràn sílẹ̀ tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ fi ń tọ́jú àwọn tí wọ́n ní HIV lọ́fẹ̀ẹ́, Henan sì wà lára ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Láti inú irú ètò báyìí ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń jáde, tí a sì ń túmọ̀ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó dé ọwọ́ wa. Nígbà tí wọ́n bá fi dé ọ̀dọ̀ olùtumọ̀ Yorùbá, wọ́n ti gba ẹnu méjì kọjá.

2. Ẹ̀dọ̀ kìíní, ẹ̀dọ̀ kejì, ẹ̀dọ̀ kẹta

Ẹ̀dọ̀ kìíní ni ẹ̀dọ̀ alápatà àti ti dókítà. Ẹran ni, ó wà lábẹ́ ìhà ọ̀tún, a lè fi ọ̀bẹ gé e. Òun ni ó ń tú ọ̀pọ̀ oògùn palẹ̀ nínú ara. Bí ó bá ń bàjẹ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yóò fi hàn. Ẹyinjú lè pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ lè ṣú, ìhà ọ̀tún sì lè máa ro ni.

Ẹ̀dọ̀ kejì ni ẹ̀dọ̀ ẹnu Yorùbá. ‘Ẹ̀dọ̀ ń rìn mí’ ni a ń wí nígbà tí èébì bá ń gbé wa, láti ibẹ̀ ni a sì ti rí ọ̀rọ̀-orúkọ náà, ìrìndọ̀. A ń sọ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ pé kí ó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òroǹro. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá tí yóò gbé aláìsàn tí ẹ̀dọ̀ ń rìn lọ fún iṣẹ́ abẹ nítorí gbólóhùn yìí. Àkànlò èdè ni. Inú àti ọkàn ni ó ń tọ́ka sí, kì í ṣe ẹran abẹ́ ìhà.

Ẹ̀dọ̀ kẹta ni ohun tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní gan. Nínú ìmọ̀ tiwọn, gan ni ó ń mú kí qi, èyíinì ni agbára tí wọ́n gbà pé ó ń lọ káàkiri ara, máa ṣàn láìdúró. Gan ni ó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pamọ́. Ìbínú, ojú àti àwọn iṣan tí ó so egungun pọ̀ sì wà lábẹ́ àkóso rẹ̀. Bí wọ́n bá wí pé qi ti gan dì, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé inú aláìsàn bàjẹ́, ó ń mí kanlẹ̀, ìhà ń há a, oúnjẹ kò sì wù ú. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lè ṣe àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ kí a má rí àléébù kan níbẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ẹni tí nevirapine ti ń ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ lè jókòó síwájú oníṣègùn kí ó máa rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe gan nìkan ni ó ní ìṣòro yìí. Ohun tí wọ́n ń pè ní pi ni wọ́n gbà pé ó ń sọ oúnjẹ di agbára àti ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí oògùn HIV bá fa ìgbẹ́ gbuuru tàbí àìlèjẹun, wọn a ní oògùn náà ti sọ pi di aláìlágbára. Àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì sì ń fún pi ní orúkọ ẹ̀yà kékeré kan tí ó wà lábẹ́ ìhà òsì, èyí tí ìmọ̀ òde òní mọ̀ sí asẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí kò ní iṣẹ́ kankan nínú oúnjẹ dídà. Bákan náà ni shen, tí wọ́n ń túmọ̀ sí kídìnrín: àwọn ará Ṣáínà gbà pé òun ni ó ń tọ́jú ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìwàláàyè, òun ni ó ni egungun, etí àti ọmọ bíbí. Bí ìwé wọn bá wí pé shen ẹni tí ń lo tenofovir kò lágbára, tí a sì túmọ̀ rẹ̀ sí ‘kídìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́’, ìròyìn ikú ni a fi ránṣẹ́ sí i láìnídìí.

Ìmọ̀ náà kò ṣàìní ètò. Òwe kan tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Ṣáínà sọ pé kò sí oògùn tí kò ní oró díẹ̀ nínú. Lórí èrò yìí ni wọ́n fi ń wo oògùn HIV: wọ́n gbà pé oró rẹ̀ ń lé kòkòrò, ṣùgbọ́n ó tún ń fi ọwọ́ kan ara onílé. Àìtó ẹ̀jẹ̀ tí zidovudine ń fà, wọ́n ní qi àti ẹ̀jẹ̀ ni ó dínkù; ara sísú tí nevirapine ń fà, wọ́n ní ooru àti afẹ́fẹ́ ni ó wọ inú ẹ̀jẹ̀; ẹsẹ̀ tí ń jóni, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ni kò dé ìkángun ara. Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ wọn ní láti mọ ètò náà tinútìta kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú ìdàrúdàpọ̀ yìí bá. Ní 1851, Benjamin Hobson, dókítà àti míṣọ́nnárì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé Quanti Xinlun jáde ní Guangzhou láti fi ìmọ̀ òyìnbó nípa ẹ̀yà ara han àwọn ará Ṣáínà. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ àtijọ́ ni a fi pe ẹ̀yà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń tọ́ka sí. Títí di òní, gan ní ojú méjì ní èdè Ṣáínà fúnra rẹ̀. Àwọn oníṣègùn ibẹ̀ lè mọ èwo ni èwo, nítorí pé wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ méjèèjì ní ilé-ẹ̀kọ́. Òǹkàwé Yorùbá kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀; orúkọ nìkan ni ó rí.

3. Ta ni ó ni ọ̀rọ̀?

Ìmọ̀ràn tí mo mú wá ni pé kí olùtumọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé, ta ni ó ni ọ̀rọ̀ yìí? Ọ̀rọ̀ inú irú àyọkà báyìí pín sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí aláìsàn ń mọ̀ lára, èyí tí àyẹ̀wò ń wọ̀n, àti èyí tí oníṣègùn fi ọgbọ́n orí gbé kalẹ̀.

Èyí tí aláìsàn ń mọ̀ lára, Yorùbá ni ó ni ín. Ìrìndọ̀, òòyì, ìgbẹ́ gbuuru, àìróorunsùn, ara sísú: kò sí ìdí tí a fi ní láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ titun fún wọn. Bí aláìsàn ti ń sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ nílé ni kí a kọ ọ́. Ìrìndọ̀ dára jù nínú ìwé, nítorí pé ẹ̀dọ̀ inú rẹ̀ ti wọlé sínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá, kò sì lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà mọ́ bí ‘ẹ̀dọ̀ ń rìn ín’ ti lè ṣe nígbà tí ẹ̀dọ̀ mìíràn bá wà nítòsí.

Èyí tí àyẹ̀wò ń wọ̀n, ilé ìwòsàn ni ó ni ín. Ẹ̀dọ̀, kídìnrín, ẹ̀jẹ̀, iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀: àwọn wọ̀nyí ti ní orúkọ tí nọ́ọ̀sì àti aláìsàn jọ mọ̀. Kí a fi wọ́n sílẹ̀ fún iṣẹ́ wọn.

Èyí tí oníṣègùn Ṣáínà fi ọgbọ́n orí gbé kalẹ̀, tirẹ̀ ni. Kí ó máa jẹ́ orúkọ tirẹ̀. Níhìn-ín ni èdè wa ti ní àǹfààní tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Èdè olóhùn ni èdè Ṣáínà, èdè olóhùn sì ni Yorùbá. Ohùn òkè tí kò mì ni gan ní lọ́dọ̀ wọn. Qi àti shen ń ti òkè bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Pi ń ti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè. Nítorí náà a lè kọ wọ́n báyìí: gán, ṣíì, ṣẹ́ẹ̀n, pìí. Ìkọsílẹ̀ yìí sún mọ́ ohùn àwọn tí wọ́n ni ọ̀rọ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ṣùgbọ́n orúkọ òkèèrè nìkan kò tó. Òǹkàwé ní láti mọ irú ohun tí a ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ní ọ̀rọ̀ kan, zang, tí wọ́n fi ń pe gan, pi, shen àti méjì mìíràn tí ó kù. Ọ̀rọ̀ náà bá ìtumọ̀ ìpamọ́ tan, nítorí pé wọ́n gbà pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ń tọ́jú ohun kan pamọ́ fún ara. Àwa náà ní àká, níbi tí àgbẹ̀ ń tọ́jú ọkà sí. Mo dábàá pé kí a máa pe zang ní àká. Nígbà náà, àká gán kò lè jọ ẹ̀dọ̀ lójú tàbí ní etí ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn akẹ́kọ̀ọ́ mi á sì wá di èyí: ‘Àwọn oníṣègùn Ṣáínà gbà pé ṣíì kò ṣàn dáadáa nínú àká gán aláìsàn náà, wọ́n sì ní ohun tí ó fa ìrìndọ̀ rẹ̀ nìyí. Ní ọ̀tọ̀, oògùn nevirapine lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́; àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n.’ Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù nínú rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé mo fi ‘wọ́n gbà pé’ àti ‘wọ́n ní’ kún un. Kì í ṣe àfikún lásán. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí a rí àti ohun tí a gbọ́. Olùtumọ̀ tí ó bá yọ ‘wọ́n gbà pé’ kúrò ti sọ èrò di ẹ̀rí.

Níbi tí Yorùbá bá ti ní ohun náà gan-an, ẹ jẹ́ kí a lò ó láìṣiyèméjì. Ohun tí wọ́n ń pè ní tang, ewé àti gbòǹgbò tí a sè tí a sì ń mu omi rẹ̀, àgbo ni. Ohun tí wọ́n ń pè ní san, àgúnmu ni. Si Jun Zi Tang, tí wọ́n ń fún ẹni tí pìí rẹ̀ kò lágbára, lè di Àgbo Ọlọ́lá Mẹ́rin, nítorí pé ohun mẹ́rin ni wọ́n ń sè pọ̀ nínú rẹ̀.

4. Àwọn tí kò ní gbà

Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò wí pé, kí ni a ń wá lọ sí Ṣáínà? Ṣé a kò ní ẹ̀mí? Ṣé a kò ní àṣẹ? Kí qi máa jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yìí, nítorí pé ìfẹ́ èdè ni ó bí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Àìtó qi jẹ́ ohun tí oníṣègùn Ṣáínà lè wí nípa ẹni tí ó kàn rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Bí a bá kọ ọ́ pé ‘ẹ̀mí rẹ̀ kò tó’, gbogbo ilé yóò bú sẹ́kún. Bí a bá sì kọ ọ́ pé ‘àṣẹ rẹ̀ ti dínkù’, a ti gbé ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ àti ti ipò wọ inú ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ gbuuru. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ẹ má jẹ́ kí a gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ wọn.

Àwọn mìíràn yóò wí pé orúkọ òkèèrè ń sọ Yorùbá di àdàlù. Àlàáfíà àti wákàtí ti ilẹ̀ òkèèrè wá, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ń lé wọn jáde. Ohun tí ń ba èdè jẹ́ ju àlejò lọ ni kí onílé méjì máa jẹ́ orúkọ kan náà, kí ìwé má sì mọ ẹni tí a kọ ọ́ sí.

Ìjà yìí kò ṣàì wà láàrin àwọn tí ń túmọ̀ ìṣègùn Ṣáínà sí Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Xie Zhufan gbà pé níbi tí ìmọ̀ òde òní bá ti ní orúkọ fún àìsàn kan, kí a máa lo orúkọ náà. Nigel Wiseman kọ̀. Ó ní kí a túmọ̀ ọ̀rọ̀ Ṣáínà bí ó ti rí, kí ìmọ̀ náà má baà sọnù sínú ìmọ̀ mìíràn. Ní ti ohun tí aláìsàn ń mọ̀ lára, mo wà lẹ́yìn Xie. Ní ti ohun tí oníṣègùn rò, mo wà lẹ́yìn Wiseman. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú láti yanjú rẹ̀ nípa fífi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹ̀yà ara ti Ṣáínà, kí wọ́n sì fi lẹ́tà kékeré bẹ̀rẹ̀ ti ilé ìwòsàn. Ẹ má jẹ́ kí a gba ọgbọ́n yìí wọlé. Lẹ́tà ńlá kò ní ohùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìlera ni Yorùbá ń gbọ́ lórí rédíò, lẹ́nu nọ́ọ̀sì, tàbí lẹ́nu ọmọ tí ń ka ìwé fún ìyá rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí etí kò bá lè gbọ́ kì í ṣe ìyàtọ̀ ní èdè wa.

5. Ibi tí àṣìṣe ti ń di ikú

Bí ó bá jẹ́ pé orí ìwé nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí mọ, mi ò bá tí dá àwọn òǹkàwé lágara. Ewéko kan wà tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní he shou wu. Ìwé wọn sọ pé ó ń fún gan àti shen ní agbára. Àwọn dókítà sì ti rí i léraléra pé gbòǹgbò yìí kan náà lè ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́. Kò sí àtakò nínú gbólóhùn méjèèjì, níwọ̀n ìgbà tí gan kò bá ti jẹ́ ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n bí olùtumọ̀ Yorùbá bá kọ ọ́ pé, ‘Gbòǹgbò yìí ń fún ẹ̀dọ̀ ní agbára’, tí ìwé náà sì bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ń lo nevirapine, ẹni tí a ti kìlọ̀ fún pé kí ó máa tọ́jú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, kí ni a rò pé yóò ṣe? Yóò rà á. Yóò mu ún pẹ̀lú ìdúpẹ́. Oògùn kan àti gbòǹgbò kan yóò wá jọ dojú kọ ẹ̀dọ̀ kan ṣoṣo.

Orúkọ ohun èlò pẹ̀lú ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ẹni tí kò bá rí oorun sùn, tí àlá ń dà láàmú, oníṣègùn Ṣáínà lè fún un ní long gu àti mu li. Bí a bá túmọ̀ long gu ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, ‘egungun drágónì’ ni, ọ̀rọ̀ àlọ́ tí apòògùn yóò kàn rẹ́rìn-ín sí. Ṣùgbọ́n egungun ẹranko àtijọ́ tí ó ti di òkúta ni long gu jẹ́, ìkarahun ẹran inú òkun kan sì ni mu li; kálísíọ́ọ̀mù sì pọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Dolutegravir kì í wọ ara dáadáa bí kálísíọ́ọ̀mù bá bá a pàdé nínú ikùn tí kò sí oúnjẹ. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí a lo dolutegravir ní wákàtí 2 ṣáájú rẹ̀ tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí nǹkan jẹ́ ni kí olùtumọ̀ kọ sílẹ̀. Apòògùn tí ó bá rí ‘egungun’ àti ‘ìkarahun’ yóò ronú. Èyí tí ó bá rí ‘drágónì’ kò ní ronú. Àní aáyù tí ó wà nínú ọbẹ̀ wa kò ṣeé fi ojú tẹ́ńbẹ́lú: nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002, oníhóró aáyù dín ìwọ̀n saquinavir inú ẹ̀jẹ̀ kù ní ìdá 51 nínú 100. Bí oògùn bá sì ti dínkù nínú ẹ̀jẹ̀, kòkòrò náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ etí ikún sí i.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń gan ìṣègùn Ṣáínà. Nínú ewéko tí wọ́n ń pè ní qinghao ni Tu Youyou ti rí oògùn ibà tí a fún un ní Ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2015, irú oògùn tí a ń lò nílé wa títí di òní. Bákan náà, nígbà tí a dán abẹ́rẹ́ gígún wọn wò ní Amẹ́ríkà lára ènìyàn 239 tí HIV mú kí ẹsẹ̀ máa jó, ìwé tí ó jáde ní 1998 fi hàn pé kò sàn ju abẹ́rẹ́ tí a gún sí ibi tí kò tọ́ lọ. Èyí tí ó jẹ́ àti èyí tí kò jẹ́, àyẹ̀wò ni ó ń fi hàn. Olùtumọ̀ kì í ṣe alágbàwí, kì í sì í ṣe adájọ́.

6. Orúkọ tí ó kù

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mi ò gbọdọ̀ fò. ‘Ìnira oògùn’ ni mo ti ń lò láti òkè wá, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó jẹ́ ìnira. Àwọn kan ń kọ ‘ìpalára oògùn’, èyí tí ó ń lé aláìsàn sá. Àwọn mìíràn ń kọ ‘àbájáde ẹ̀gbẹ́’, èyí tí Yorùbá kankan kò ní lóye bí kò bá kọ́kọ́ rò ó ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ń pè é ní fu zuoyong, iṣẹ́ igbákejì. Mo dábàá àtẹ̀lé oògùn, kí a sì pín in sí méjì: àtẹ̀lé arékọjá, bí ìrìndọ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí a lè fi sùúrù fara dà, àti àtẹ̀lé eléwu, bí ojú tí ó pọ́n bí ìyeyè tàbí ara tí ó sú tí ó sì ń bó, tí aláìsàn ní láti gbé lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ìpínsọ́nà yìí wúlò fún aláìsàn ju gbogbo àlàyé mìíràn lọ.

Ó sì yẹ kí a tún ọ̀rọ̀ ‘kògbóògùn’ yẹ̀ wò, èyí tí ọ̀pọ̀ ń so mọ́ orúkọ àrùn éèdì. Nígbà tí a sọ ọ́, òótọ́ ni. Lónìí, oògùn kò tíì lé kòkòrò náà jáde pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń ká a lọ́wọ́ kò tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń lò ó déédéé fi lè dàgbà kí ó sì rí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí a bá ń pe àrùn ní kògbóògùn, báwo ni a ṣe fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara da àtẹ̀lé oògùn tí a ti sọ fún un pé àrùn rẹ̀ kò gbọ́?

Mo gbé gbólóhùn tí mo tún kọ padà lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá nọ́ọ̀sì náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun kò mọ ohun tí àká gán jẹ́, ṣùgbọ́n òun mọ̀ nísinsìnyí pé kì í ṣe ohun tí òun ní láti gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni wò fún. Ìmọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù nìyẹn. Èyí tí ó kù, ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-ìperí lè ṣe àlàyé rẹ̀, àwa tí a wà nínú iṣẹ́ yìí ni ó sì kù sí lọ́wọ́ láti kọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé bá ní orúkọ tí ó sàn ju àwọn tí mo dábàá lọ, kí ó mú un wá. Inú mi yóò dùn láti fi tèmi sílẹ̀, bí tirẹ̀ kò bá ti jẹ́ ẹ̀dọ̀.